Bí Mo Ṣe Ń Pààrọ̀ Wi-Fi fún Raspberry Pi Tó Wà Lóko Adìyẹ

Lóko adìyẹ àǹtí mi ní Mọníyà, ẹ̀bá Ìbàdàn, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí mo so mọ́ igi àjà ilé àwọn òròmọdìyẹ. Raspberry Pi Zero 2 W ni, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ní ojú. Kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, kò sì gùn tó ìka àárín. Wáyà kan rọ̀ sílẹ̀ láti ara rẹ̀, DS18B20 tó ń ka ooru wà lẹ́nu wáyà náà, níbi tí àwọn òròmọ ti ń sùn gan-an. Òròmọ ọjọ́ kan fẹ́ ooru tó tó 33 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí èédú bá kú lóru tí ooru sì já wálẹ̀, ojú kan ni gbogbo wọn á rọ́ lọ, wọ́n á máa gun ara wọn, àwọn tó bọ́ sísàlẹ̀ ò ní jí. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ náà fi ń fi iye ooru ránṣẹ́ sí fóònù àǹtí mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Wi-Fi ló fi ń ránṣẹ́. Ọjọ́ tí Wi-Fi bá yí padà, ọjọ́ náà ló yadi.

Ó sì ti yadi rí. Maifai tí wọ́n ń lò lóko bà jẹ́, àǹtí mi ra òmíràn nígboro, wọ́n tàn án, fóònù gbogbo wọn sì wọ orí rẹ̀. Orúkọ tuntun, password tuntun. Kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀rọ tó wà lókè àjà. Kò kú o. Ó ń ka ooru lọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà tó máa gbà sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo wà ní Bódìjà rò pé dátà ló tán. Lóru ọjọ́ kejì, èédú kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òròmọ mọ́kànlélógún ti kú.

Mo gun àkàbà, mo tú àpótí rẹ̀, mo yọ mẹ́mọ́rì káàdì, mo gbé e padà sí Bódìjà, mo tún un ṣe, mo tún padà lọ. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé ẹ̀rọ kankan síbi tó jìnnà láìjẹ́ pé ó mọ nẹ́tíwọọ̀kì méjì: ọ̀kan tí á máa lò lójoojúmọ́, àti ọ̀kan tí n kì í tàn àfi tí nǹkan bá bà jẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń pe ìkejì yìí. Hotspot lásán ni, tí fóònù èyíkéyìí lè tàn, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ àti password rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ kí n tó gbé e kúrò nílé. Bí iwájú ilé bá tì, a ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Raspberry Pi OS (ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà) ti Bookworm, èyí tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ni mo fi ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ní láti sọ ọ́ nítorí àwọn ẹ̀kọ́ àtijọ́ pọ̀ káàkiri tó ń ní kí ẹ kọ fáìlì wpa_supplicant.conf kí ẹ jù ú sínú apá boot lórí káàdì. Nígbà kan, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe. Láti Bookworm, NetworkManager ló ń bójú tó Wi-Fi, ẹ̀rọ kò sì wo ojú fáìlì yẹn mọ́. Bí ẹ bá ṣe é tí kò ṣiṣẹ́, ẹ má rò pé ẹ ṣi password kọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì. Ẹ fi Raspberry Pi Imager, ètò tó ń kọ OS sórí káàdì, sórí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ mú Raspberry Pi OS Lite ti Bookworm, torí ẹ̀rọ tí kò ní ojú kò nílò èyí tó ní àwòrán. Kó tó kọ káàdì, ó máa fún yín láyè láti ṣe ètò tiyín sí i. Ẹ lò ó. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa fún ẹ̀rọ lórúkọ (mo pe tèmi ní oromo), ẹ ó fi orúkọ ẹni tó ń wọlé àti password rẹ̀ (oko ni mo lò), ẹ ó sì tan SSH (ọ̀nà tí a fi ń wọ inú ẹ̀rọ láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn). Níbi Wi-Fi, ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ Wi-Fi ibi tí ẹ̀rọ ń lọ. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Hotspot ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń kọ síbẹ̀. Ìdí ni pé ẹ̀yìnkùlé náà ni mo máa fi wọlé lẹ́ẹ̀kíní, nílé, lórí tábìlì mi. Tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo ti dán an wò nìyẹn. Ilẹ̀kùn téèyàn ò ṣí rí, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ẹ má fo ibi tí wọ́n ti ń béèrè orílẹ̀-èdè. NG ni ti Nàìjíríà. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́: òfin rédíò orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, bí Pi kò bá sì mọ ibi tó wà, ó lè ti Wi-Fi pa pátápátá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ hotspot fẹ́ sùúrù, torí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù. Lákọ̀ọ́kọ́, Zero 2 W kò gbọ́ 5 GHz rárá, 2.4 GHz nìkan ló gbọ́. Fóònù Android tuntun máa ń fẹ́ tan hotspot lórí 5 GHz. Ẹ wọ ètò hotspot, ẹ yí i sí 2.4. Lórí iPhone, Maximize Compatibility ni ẹ máa tàn. Bí ẹ ò bá ṣe é, fóònù àti láptọ́ọ̀pù á rí hotspot yẹn kedere, Pi á sì máa wò bí ẹni pé òfuurufú ṣófo.

Ìkejì, ẹ má ṣe lo orúkọ tí iPhone bá fún ara rẹ̀. Ó máa ń fi àmì kékeré kan sáàárín orúkọ ẹni àti ọ̀rọ̀ iPhone, àmì náà sì tẹ̀ kọrọdọ. Èyí tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù dúró gbọnrangandan. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ìkẹta kàn wá gan-an, àwa tá a ń kọ Yorùbá. Mo fẹ́ràn kí n fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, mo sì ti fi Ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ pe hotspot rí. Má ṣe é. Orúkọ Wi-Fi kò gbọdọ̀ kọjá báìtì 32 (báìtì ni ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń ka lẹ́tà), lẹ́tà Ọ̀ kan ṣoṣo sì ń jẹ báìtì 5: 3 fún Ọ alámì ìsàlẹ̀, 2 fún àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé ọ̀nà méjì ni kíbọ́ọ̀dù lè gbà kọ ọ́: fóònù kan á kọ Ọ bíi lẹ́tà kan, fóònù mìíràn á kọ O kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Wọ́n jọra lójú, wọn ò jọra nínú. Nítorí náà, níbí nìkan, mo bọ́ aṣọ lára èdè wa: eyinkule, lẹ́tà kékeré, láìní àlàfo, láìní àmì. Ní ti password, kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà 8, kò sì gbọdọ̀ ju 63 lọ. Ẹ jẹ́ kó gùn dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ orúkọ àti password ẹ̀yìnkùlé yín lè tan hotspot tirẹ̀, kí ẹ̀rọ yín sì wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ tan hotspot náà, ẹ so láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú mọ́ ọn, ẹ fi káàdì sínú Pi, ẹ fún un níná. Ẹ mú sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, títàn àkọ́kọ́ máa ń pẹ́. Lẹ́yìn náà:

ssh oko@oromo.local

Bí kò bá mọ orúkọ yẹn, ẹ wo ojú ìwé hotspot lórí fóònù. Àwọn fóònù kan ń fi nọ́ńbà IP (àdírẹ́sì ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọọ̀kì) àwọn tó so mọ́ ọn hàn níbẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà náà dípò oromo.local. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ fi nmcli, àṣẹ tí a fi ń bá NetworkManager sọ̀rọ̀, wo ilẹ̀ ná:

nmcli device status
nmcli connection show

Ti àkọ́kọ́ á sọ bóyá wlan0 (apá Wi-Fi ẹ̀rọ náà) ti so mọ́ nǹkan kan. Tó bá ní unavailable, tí ẹ fi wáyà tàbí kíbọ́ọ̀dù wọlé, ẹ lọ wo rfkill list. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti Wi-Fi pa torí orílẹ̀-èdè tí ẹ ò fún un. Ẹ fún un báyìí:

sudo raspi-config nonint do_wifi_country NG

Àṣẹ kejì á to orúkọ gbogbo nẹ́tíwọọ̀kì tí ẹ̀rọ ti mọ̀. Èyí tí Imager kọ sínú rẹ̀ ń jẹ́ preconfigured. Mo máa ń yí orúkọ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀ kí n má bàa gbàgbé ohun tó jẹ́:

sudo nmcli connection modify preconfigured connection.id eyinkule

Wàyí o, Wi-Fi oko. Ẹ ṣì wà nílé, maifai oko kò sí nítòsí. Àṣẹ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, nmcli device wifi connect, kò ní ṣiṣẹ́ níbí, torí ó fẹ́ kí nẹ́tíwọọ̀kì náà wà lárọ̀ọ́wọ́tó kó tó gbà á sílẹ̀. Connection add ni ẹ máa lò. Ìyẹn kàn ń kọ ọ́ sínú ìwé fún ọjọ́ iwájú ni (oko tó wà níbí jẹ́ orúkọ tí mo fún nẹ́tíwọọ̀kì, kì í ṣe ti ẹni tó ń wọlé; OkoMoniya ni orúkọ Wi-Fi maifai):

sudo nmcli connection add type wifi ifname wlan0 con-name oko ssid 'OkoMoniya' wifi-sec.key-mgmt wpa-psk wifi-sec.psk 'password-oko-níbí'

Ẹ ṣàkíyèsí àmì kékeré kọ̀ọ̀kan tí mo fi ká password mọ́. Ẹ má fi oníméjì ká a. Bí ! tàbí $ bá wà nínú password tí ẹ fi oníméjì ká a, ẹ̀rọ á túmọ̀ rẹ̀ sí nǹkan mìíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ NetworkManager, ẹ ó sì máa bá maifai jà lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀.

Ẹ wá sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún un:

sudo nmcli connection modify oko connection.autoconnect-priority 20
sudo nmcli connection modify eyinkule connection.autoconnect-priority 5

Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ ló ń kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ó tàn mí jẹ rí: ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń yàn nìkan ni nọ́ńbà yìí ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti wà lórí ọ̀kan, kò ní fi í sílẹ̀ torí pé òmíràn dé. Nítorí náà, bí ẹ bá dé oko tí ẹ tan ẹ̀yìnkùlé nígbà tí maifai ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ò ní wò yín. Ẹ pa maifai ná, á yíjú wá.

Àwọn méjì yìí náà, n kì í fi wọ́n sílẹ̀:

sudo nmcli connection modify oko connection.autoconnect-retries 0
sudo nmcli connection modify oko wifi.powersave 2

Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, ìgbà mẹ́rin ni NetworkManager máa ń gbìyànjú nẹ́tíwọọ̀kì kan kó tó gbé e sílẹ̀. Odo túmọ̀ sí pé kó má ṣe sú u. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, tí maifai lè kú láago méjì òru kó sì jí láago márùn-ún, ẹ ò fẹ́ ẹ̀rọ tó ń tètè sú. Ẹ ṣe retries fún eyinkule pẹ̀lú. Powersave 2 ní tirẹ̀ ń pa àṣà òògbé kúrò lára Wi-Fi. Pi máa ń tòògbé láti fi dín iná kù, tí ẹ bá sì fẹ́ fi SSH wọlé, ẹ ó máa kànlẹ̀kùn títí.

Ohun kan wà tí mo fi kún tèmi tó gbà mí lọ́wọ́ àkàbà. Raspberry Pi Connect, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024, ń jẹ́ kí n wọ inú ẹ̀rọ láti orí búráúsà níbikíbi tí mo bá wà:

sudo apt install rpi-connect-lite
rpi-connect on
loginctl enable-linger
rpi-connect signin

Èyí tó kẹ́yìn á fún yín ní línkì kan, ẹ ṣí i lórí fóònù, ẹ wọ àkáǹtì Raspberry Pi yín, ó parí. Ẹ má gbàgbé ti linger. Láìsí i, bí ẹ bá ti jáde kúrò lórí SSH, ó dákẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí pípààrọ̀ gan-an. Wọ́n ra maifai tuntun. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún maifai tuntun lórúkọ ti àtijọ́ àti password ti àtijọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yín ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan yí padà, iṣẹ́ ti parí. Ẹ rí i pé WPA2 (irú ààbò Wi-Fi kan) ni maifai tuntun ń lò bíi ti àtijọ́, kó má jẹ́ WPA3 nìkan. Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù, kò sì náni ní nǹkan kan.

Àmọ́ nígbà mìíràn, ẹ ó gbọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tan tuntun, tí wọ́n sì ti sọ àtijọ́ nù. Bó ṣe rí fún wa nígbà kejì nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pe ọmọkùnrin tó ń tọ́jú adìyẹ lóko. Mo ní kó wọ ètò hotspot lórí fóònù rẹ̀, kó kọ e-y-i-n-k-u-l-e, mo ka password fún un lẹ́tà-lẹ́tà, mo ní kó lọ sórí 2.4, kó gbé fóònù sórí pẹpẹ oúnjẹ adìyẹ nísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Fóònù rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi, kò sì dí nǹkan kan lọ́wọ́; orúkọ àti password ni Pi ń wò. Kò pẹ́ ló ní, "Bọ̀dá, ó ti wọlé o. Ó kọ ọ́ síbí pé ẹ̀rọ kan ti so mọ́ mi." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi dátà ránṣẹ́ sí i, mo ṣí búráúsà mi ní Bódìjà.

Tí ẹ bá ti wà nínú ẹ̀rọ báyìí, ẹ fi connection add kọ maifai tuntun sínú rẹ̀ bí a ṣe ṣe lókè, ẹ pè é ní oko2, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fún un ní nọ́ńbà gíga. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Pi ń rí i lórí nmcli device wifi list, kí ẹ wo bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Tó bá wà lábẹ́ 30, ẹ ní kí wọ́n sún maifai mọ́ ojú fèrèsé kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé orí ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ gé ni ẹ jókòó sí. Bí ẹ bá sọ fún un pé kó bọ́ sórí oko2, ìsopọ̀ tí ẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀ á já. Bí oko2 bá gbà á wọlé ṣùgbọ́n tí dátà kò sí lórí rẹ̀ ńkọ́? Ohun tí mo máa ń ṣe rèé:

sudo shutdown -r +10
sudo nmcli connection up oko2

Mo ti kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀rọ pé kó tún ara rẹ̀ tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni mo tó ní kó fò. Bí ó bá dé ibẹ̀ láyọ̀, màá rí i padà lórí Connect láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, màá sì fagi lé àtúntàn náà:

sudo shutdown -c

Bí n kò bá rí i, n ò ní gbé mọ́tò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá á pé, á tún ara rẹ̀ tàn, nígbà tó sì jẹ́ pé odo ni nọ́ńbà oko2 tí ti eyinkule jẹ́ 5, inú ẹ̀yìnkùlé ló máa padà sí. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ yẹn pa hotspot rẹ̀ títí ẹ ó fi ní kó pa á. Ìgbà tí oko2 bá ti dúró dáadáa ni ẹ ó tó fún un ní 20 pẹ̀lú retries àti powersave. Ẹ jẹ́ kí oko àtijọ́ wà nínú rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn:

sudo nmcli connection delete oko

Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ́, tí ẹ kò ní ẹ̀yìnkùlé, ó di káàdì yíyọ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tó ní Linux ni ẹ nílò, torí Windows kì í ka apá ext4 tí NetworkManager ń kó ìwé rẹ̀ sí. Inú /etc/NetworkManager/system-connections ni. Ẹ ṣí fáìlì tó wà níbẹ̀ bíi root (ọ̀gá ẹ̀rọ), ẹ yí ssid (orúkọ Wi-Fi) àti psk (password) padà, ẹ rí i pé root ló ni ín àti pé chmod rẹ̀ jẹ́ 600, ìyẹn ni pé root nìkan ló lè kà á. Bí ó bá ṣí sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, NetworkManager ò ní kà á.

Kí n tó kúrò lóko nígbà tó kẹ́yìn, mo lẹ bébà kan mọ́ inú ìdérí àpótí ẹ̀rọ náà. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni oromo, oko, eyinkule, 2.4, àti ọjọ́ tí mo dán ẹ̀yìnkùlé wò gbẹ̀yìn. Password kò sí níbẹ̀. Ó wà nínú ìwé tí àǹtí mi ń kọ iye àpò oúnjẹ adìyẹ sí, lójú ewé àkọ́kọ́, níbi tó ti máa rí i bí mo bá wà níbi tí fóònù mi kò ti lọ.